Ohun Tó Di Ọ̀bẹ Àpò Sheffield Mú

Ọ̀bẹ àpò àtijọ́ tí wọ́n ń ṣe ní Sheffield, ní àríwá ilẹ̀ England, kò ní ohunkóhun tó tì í pa. Bí èèyàn bá ṣí i, kò sí irin kan tó wọnú irin mìíràn tí yóò sọ pé kò gbọdọ̀ padà. Síbẹ̀ kì í ṣí fúnra rẹ̀ nínú àpò, kì í sì í ṣàdédé pa dé nígbà tí wọ́n bá ń fi gé okùn. Sípíríǹgì kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn, pẹlẹbẹ irin kan tó gùn bí ìka, tó fara mọ́ ẹ̀yìn èèkù. Ẹni tó bá mọ bí sípíríǹgì yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ á mọ èyí tó yẹ ní rírà, á mọ ìdí tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi fàyè gba ọ̀bẹ náà, kò sì ní fi gé ara rẹ̀ níka.

Ká mú ọ̀bẹ olójú kan. Pẹlẹbẹ idẹ méjì ló wà nínú èèkù, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Sípíríǹgì wà láàárín wọn ní ẹ̀yìn. Àlàfo tó ṣẹ́ kù níwájú ni ojú ọ̀bẹ ń wọ̀ sí bó bá pa dé. Ìṣó kéékèèké ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọ̀kan gba ìdí ojú ọ̀bẹ kọjá, orí rẹ̀ sì ni ojú ọ̀bẹ ti ń yí bí ilẹ̀kùn ṣe ń yí. Méjì mìíràn di sípíríǹgì mú, ní àárín àti ní ìpẹ̀kun. Orí sípíríǹgì tó kù, tí kò sí ìṣó lára rẹ̀, ló ń tẹ ìdí ojú ọ̀bẹ mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí ọ̀bẹ bá ní ojú ní orí méjèèjì, ìṣó àárín nìkan ló máa ń di sípíríǹgì mú, kí orí rẹ̀ méjèèjì lè ṣiṣẹ́.

Ìdí ojú ọ̀bẹ yẹn kò rí róbótó. Wọ́n ti rẹ́ ẹ ní pẹrẹsẹ níbi méjì. Bí ọ̀bẹ bá pa dé, sípíríǹgì jókòó sórí ọ̀kan. Bó bá ṣí tán, ó jókòó sórí èkejì. Ní agbedeméjì, igun ìdí náà ń gbé sípíríǹgì sókè, sípíríǹgì ń tì í padà, títí igun náà á fi kọjá. Nígbà náà ni sípíríǹgì á já bọ́ sí àyè rẹ̀, tí á dún “pá!” Ìró yìí ni àwọn tó ń kó ọ̀bẹ jọ máa ń tẹ́tí sí kí wọ́n tó na owó. Bó bá dún dáadáa, sípíríǹgì ṣì lágbára, ìdí kò tíì jẹ. Bí ojú ọ̀bẹ bá kàn ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́ láìsí ìró, ohun tó ń dì í mú ti rẹ̀. Wọ́n máa ń rẹ́ ìdí ọ̀bẹ mìíràn ní igun mẹ́rin, kó lè ní ibi pẹrẹsẹ kẹta tó ń dá a dúró lágbedeméjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò fẹ́ràn ìdúró yìí, ṣùgbọ́n ó dára fún ẹni tí kò tíì mọwọ́ ọ̀bẹ, torí ó ń fún un láyè láti yọ ìka kúrò lọ́nà kí ẹnu ọ̀bẹ tó dé.

Kókó kékeré kan tún yọ ní ìdí ojú ọ̀bẹ, ní apá tí ẹnu wà. Òun ló ń kọ́kọ́ kan sípíríǹgì bí wọ́n bá pa ọ̀bẹ dé, kí ẹnu ọ̀bẹ má baà kàn án. Bí kókó yìí bá jẹ tán, tàbí bí aláìmọ̀kan bá fi òkúta pọ́n ọn dànù, ẹnu ọ̀bẹ á máa lu irin lójoojúmọ́, á máa kú, ẹni tó ni ín á sì máa rò pé irin náà ni kò dára.

Irin kan náà ni wọ́n lè fi ṣe ojú ọ̀bẹ àti sípíríǹgì, iná ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ojú ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ le kí ẹnu rẹ̀ tó lè mú pẹ́. Sípíríǹgì gbọ́dọ̀ lè tẹ̀ kí ó sì padà sí àyè rẹ̀ láìmọye ìgbà. Alágbẹ̀dẹ á kọ́kọ́ fi iná yan méjèèjì títí wọn á fi pọ́n, á sì rì wọ́n bọnú omi tàbí òróró. Ní àkókò yẹn wọ́n le bíi dígí, wọ́n sì lè ṣẹ́ bíi dígí. Nítorí náà á tún fi iná yá wọn díẹ̀díẹ̀, á máa ṣọ́ àwọ̀ tó ń yọ lójú irin. Bí àwọ̀ koríko gbígbẹ bá ti yọ, ojú ọ̀bẹ ti tó, kí ó gbé e kúrò. Sípíríǹgì ní láti dúró pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí yóò fi di àwọ̀ aró.

Wíwá sípíríǹgì ló tilẹ̀ bí irin tó sọ Sheffield di ìlú ńlá. Ní àwọn ọdún 1740, Benjamin Huntsman, oníṣẹ́ aago kan tó ti Doncaster wá tẹ̀dó sí Handsworth lẹ́bàá Sheffield, ń wá irin tí yóò fi ṣe sípíríǹgì aago. Irin ìgbà yẹn le níbì kan, ó rọ̀ níbòmíràn. Huntsman yọ́ ọ nínú ìkòkò amọ̀ títí ó fi di omi pátápátá, kó tó dà á, irin náà sì dọ́gba láti inú dé òde. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn oníṣẹ́ ọ̀bẹ Sheffield kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, wọ́n ní ó le jù láti rọ, ni ó bá ń tà á sí ilẹ̀ Faransé. Ìgbà tí ọ̀bẹ tí wọ́n fi irin rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba oníbàárà mọ́ wọn lọ́wọ́ ni wọ́n tó yí ohùn padà.

Bí a bá fi ojú Yorùbá wò ó, ìlú Ògún ni Sheffield. Odò márùn-ún ló ṣàn gba ibẹ̀: Don, Rivelin, Loxley, Porter àti Sheaf tó fún ìlú náà lórúkọ. Omi wọn ló ń yí òkúta ńláńlá tí wọ́n fi ń pọ́n irin. Ọ̀kan nínú àwọn ilé ìpọ́nbẹ yẹn, Shepherd Wheel, ṣì wà lẹ́bàá odò Porter títí dòní. Orí pákó ni olùpọ́n máa ń jókòó sí bí ẹni gun ẹṣin, òkúta á máa yí níwájú rẹ̀, eruku òkúta àti ti irin á máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò pẹ́ láyé. Ó yẹ kí ẹni tó bá mú ọ̀bẹ ọ̀rúndún kọkàndínlógún lọ́wọ́ máa rántí wọn, torí orúkọ wọn kì í sí lára ọ̀bẹ.

Yorùbá ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ní Sheffield, bí iṣẹ́ ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹnì kan á rọ ojú ọ̀bẹ, á gbé e fún ẹlòmíràn tó máa pọ́n ọn, èyí á gbé e fún ẹnì kẹta tó máa fi í sínú èèkù. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kankan. Wọ́n háyà yàrá kan nínú àgbàlá, wọ́n ń gba iṣẹ́ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Èdè ìlú náà ń pè wọ́n ní little mester, ìyẹn ọ̀gá kékeré. Ẹni tó ń to ọ̀bẹ pọ̀ ló ni iṣẹ́ tó nira jù. Ó ní láti rẹ́ ìdí ojú ọ̀bẹ àti orí sípíríǹgì títí wọn á fi bára mu, kí ẹ̀yìn èèkù lè tẹ́jú láìsí gegele nígbà tó bá ṣí àti nígbà tó bá pa dé. Bí ó bá rẹ́ ẹ kọjá bó ṣe yẹ, ó ti ba ojú ọ̀bẹ kan jẹ́.

Stan Shaw, tó kú ní 2021, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó kẹ́yìn tó mọ gbogbo iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tó wọ ẹnu iṣẹ́ ní 1941. Láti gbẹ́ ihò tí wọ́n ń fi àmì fàdákà sí lára èèkù, àwọn bíi tirẹ̀ máa ń lo irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan tí wọ́n ń pè ní parser. Wọ́n á de irin pẹlẹbẹ mọ́ àyà, wọ́n á fi àyà ti parser mọ́ èèkù, wọ́n á sì máa fi ọrun onísán yí i síwá sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á máa tẹ̀lé etí bátànì tí wọ́n gbé lé èèkù, ihò náà á sì bá àmì mu láìsí àlàfo.

Ẹni tó fẹ́ máa kó irú ọ̀bẹ yìí jọ, ìdí ojú ọ̀bẹ ni kó kọ́kọ́ kà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń lu orúkọ sí. Láti 1624 ni òfin ti dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọ̀bẹ Hallamshire, ìyẹn agbègbè Sheffield, sílẹ̀, wọ́n sì ń forúkọ àmì oníkálukú sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà jí i lò. Ìràwọ̀ àti àgbélébùú Málítà ni ti Joseph Rodgers, ilé iṣẹ́ tó ṣe ọ̀bẹ olójú 1,822 ní ọdún 1822 láti fi ṣàfihàn ohun tí ọwọ́ wọn lè ṣe. IXL ni ti George Wostenholm. Ẹni tó bá pe lẹ́tà wọ̀nyẹn ní Gẹ̀ẹ́sì á gbọ́ ọ bí ìgbà tí ẹnì kan ń sọ pé òun tayọ. Bí adé bá wà láàárín lẹ́tà V àti R, ìgbà Ọbabìnrin Victoria ni wọ́n sábà ń kà á sí, ṣáájú 1901. Bí “England” bá wà lára ọ̀bẹ tó lọ sí Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ẹ̀yìn 1890, ọdún tí òfin owó-orí ibodè Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí orúkọ orílẹ̀-èdè wà lára ọjà. Ọ̀bẹ èso tí wọ́n fi fàdákà ṣe rọrùn jù láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀, torí lẹ́tà kan máa ń wà lára rẹ̀ tó ń tọ́ka sí ọdún. Fàdákà ni wọ́n lò nítorí pé oje èso máa ń sọ irin lásán di dúdú, irin náà á sì yí adùn èso padà.

Lẹ́yìn orúkọ, kí ó gbé ọ̀bẹ sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ yọ láàárín sípíríǹgì àti pẹlẹbẹ idẹ. Kí ó mi ojú ọ̀bẹ sọ́tùn-ún sósì bó bá ṣí: kò yẹ kó máa jó. Kí ó wo bóyá pípọ́n ti jẹ ojú ọ̀bẹ di tín-ín-rín. Èyí tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ dán gbinrin, tí lẹ́tà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, kò tó ẹgbẹ́ èyí tó ti dúdú pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, bó ti wù kí ó wuyì lójú tó.

Èèkù ni owó pọ̀ sí jù: ìwo ẹfọ̀n, ìwo àgbọ̀nrín, eegun, igi, ìkarahun òkun tó ń kọ mànà. Eyín erin náà wà, èyí tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ilẹ̀ Áfíríkà wá. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2018, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, ti fi òpin sí rírà àti títà rẹ̀ ní Britain, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀ tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Ẹni tó jogún irú rẹ̀ lè pa á mọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ní ti ojú ọ̀bẹ, onírúurú ló wà. Èyí tó kéré jù ni wọ́n fi ń gé ìyẹ́ ẹyẹ tí wọ́n fi ń kọ̀wé láyé àtijọ́. Ọ̀bẹ atukọ̀ kò ní ṣóńṣó, kó má baà gún ẹnikẹ́ni bí ọkọ̀ bá mì. Lambsfoot, ìyẹn ẹsẹ̀ ọ̀dọ́ àgùntàn, ló sì dára jù lọ́wọ́ ẹni tó ń lo ọ̀bẹ lójoojúmọ́: ẹnu rẹ̀ tọ́ gbọọrọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ lọ pàdé rẹ̀. Ohun tó tọ́ gbọọrọ kò ní wàhálà lórí òkúta ìpọ́nbẹ.

Àìní ohun tó tì í pa ló gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ òfin. Ní England àti Wales, abala 139 òfin ọdún 1988 ka mímú ọ̀bẹ jáde síta láìnídìí sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ ọ̀bẹ àpò tó ń pa dé sílẹ̀, bí ẹnu rẹ̀ tó ń gé nǹkan kò bá ju ínṣì 3 lọ, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 7.62. Ilé ẹjọ́ ti là á yé ní 1993 pé èyí tó bá ń tì pa bó bá ṣí kò sí lára èyí tí wọ́n yọ sílẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní London tàbí Manchester mọ ìyàtọ̀ yìí dájú, torí ọ̀bẹ méjèèjì lè jọra lórí àtẹ. Bí ẹni tó mú un dání bá sì ní i lọ́kàn láti fi ṣe èèyàn léṣe, kò sí ínṣì tó lè gbà á.

Lílò rẹ̀ kò ṣòro. Èékánná á wọ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀bẹ, á fà á sókè. Kí èèyàn máa tẹ ọ̀bẹ síhà ẹnu rẹ̀ bó bá ń gé nǹkan; kó má fi ṣóńṣó rẹ̀ gún nǹkan líle, kó má fi ẹ̀yìn rẹ̀ lu igi, torí agbára tó bá ti ẹ̀yìn wá ló lè ṣẹ́gun sípíríǹgì, tí ojú ọ̀bẹ á sì pa dé sórí ìka. Láti pa á dé, kí àtẹ́lẹwọ́ tì í láti ẹ̀yìn, kí ìka má sí lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá fi gé ọsàn tàbí àlùbọ́sà kó tètè nù ún, pàápàá bí kò bá ṣe irin tí kì í dípẹtà, irú èyí tí Harry Brearley ṣe ní Sheffield ní 1913. Àwọ̀ eérú tó bá yọ lójú rẹ̀ kò léwu, ààbò ló jẹ́ fún irin. Ìpẹtà pupa ni kó fi òróró àti aṣọ nù kúrò.

Eruku àti ìdọ̀tí àpò máa ń wọnú ibi tí ìdí ojú ọ̀bẹ ti ń yí. Ẹ̀kán òróró kan tó, kí ó ṣí i kí ó pa á dé ní nǹkan bí ogún ìgbà, òróró á máa ti dúdú jáde, kí ó nù ún, kí ó tún kán òmíràn sí i títí ohun tó ń jáde á fi mọ́. Kí ó má sì fi í sílẹ̀ lágbedeméjì, kò ṣí, kò pa dé. Ibẹ̀ ni igun ìdí ti gbé sípíríǹgì sókè jù, tí kò sì ní ibi tí yóò jókòó sí, àyàfi bí ọ̀bẹ náà bá ní ibi pẹrẹsẹ kẹta.