Ẹ Mọ Orúkọ Agboolé Kí Ẹ Tó Gba Ìbàdàn Lọ

Ìbéèrè tí àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà lókè òkun máa ń bi mí jù ni pé níbo ni àwọn ti lè rí orúkọ bàbá ńlá àwọn nínú ìwé ìkànìyàn. N kò dá wọn lẹ́bi. Ní Amẹ́ríkà, bí ọdún 72 bá ti pé, ìjọba a ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún tajá-tẹran. Ti 1950 jáde ní 2022. Ọdún yẹn náà ni ti 1921 jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n kà wá ní 1911, 1921 àti 1931, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ibi, iye àwọn tó ń san owó orí ni wọ́n fi díwọ̀n iye ènìyàn. Wọ́n kà wá ní 1952, wọ́n wọ́gi lé ti 1962, wọ́n tún un kà ní 1963, ti 1973 forí ṣánpọ́n, lẹ́yìn náà ló kan 1991 àti 2006. Iye ènìyàn ni ẹ ó rí níbẹ̀. Ẹ kò ní rí Òjó ọmọ Àjàyí ará Ìjẹ̀rù.

Agboolé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gbé owó orí dé ọ̀dọ̀ wa, baálé ló ń gbà á lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin ilé rẹ̀, nítorí náà orúkọ ilé ló ń ṣíwájú nínú ìwé. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ ilé, àwọn Òjó tí yóò bá pàdé kò ní lóǹkà.

Bí mo bá wọ agboolé, olórí ẹbí ni mo máa ń kí, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé tó dàgbà jù ni mo máa ń jókòó tì. Olórí ẹbí ní oyè àti ilẹ̀ tó ń dáàbò bò. Ìtàn tó bá gbè é ni yóò sọ. Ìyàwó ilé kò ní oyè kankan láti jẹ níbẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti ń ki ọkọ, ọmọ ọkọ àti òkú ilé. Oríkì orílẹ̀ tó ń kì yẹn ni yóò sọ ibi tí ẹ ti wá. Nígbà tí ogun Fúlàní tú àwọn ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́ ká, Ògbómọ̀ṣọ́ kò fọ́, àwọn ará Ìkòyí, Ìrẹsà àti Ìgbọ́n sì sá wọ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá ń kì yín ní Oníkòyí, ẹ má wulẹ̀ wá ìdí ẹbí yín ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣáájú ogun náà. Àmọ́ ẹ bèèrè o: ti bàbá ni àbí ti ìyá? Ẹni tó bá ń ki ènìyàn a máa da méjèèjì pọ̀, pàápàá bí owó bá ti kan iwájú orí.

Àgbà kì í sábà sọ ọdún. Ẹ bi wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣé wọ́n ti bí i kí Aláàfin Ládìgbòlù Kìíní tó wàjà ní 1944? Ṣé ó ń rìn nígbà tí òṣùpá bo òòrùn lọ́sàn-án ní May 1947? Ṣé ó wọ ilé ìwé ọ̀fẹ́ ti 1955? Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni mo gbà gbọ́ ju ìwé ọjọ́ orí tí wọ́n búra gbà ní kóòtù lọ, torí iṣẹ́ ìjọba ti sọ ọ̀pọ̀ bàbá di ọmọdé.

Ìwé ìjọ Onítẹ̀bọmi wúlò. Láti 1855 ni ìjọ náà ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́, nítorí náà ọjọ́ ìrìbọmi kì í ṣe ọjọ́ ìbí. Òjó tí ẹ ń wá sì lè ti di Joseph níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá gba Ìbàdàn lọ, sí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì. Ẹ bèèrè fáìlì Oyo Prof, ìyẹn ti ẹkùn Ọ̀yọ́ (Oyo Province) láyé amúnisìn, kí ẹ sì wá “Ogbomosho” pẹ̀lú h, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́. Ẹjọ́ ilẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Níbẹ̀, ẹnì kan a dúró ka ìran rẹ̀ láti orí ẹni tó kọ́kọ́ dáko síbẹ̀. Ẹ ka ẹ̀rí ẹni kejì pẹ̀lú, torí àwọn méjèèjì ló fẹ́ jàre. Orúkọ tí àwọn méjèèjì bá jọ pè ni kí ẹ dì mú.

Obìnrin ṣọ̀wọ́n nínú ìwé owó orí Ọ̀yọ́. Ìwé ìjọ, ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀ àti oríkì àbísọ, bí Àbẹ̀kẹ́ tàbí Àdùnní, lẹ ó fi wá wọn.

Tí wọ́n bá ní Gáńà ló ti ṣòwò, ẹ bèèrè orúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀, torí àwọn kan fi orúkọ ìlú ṣe orúkọ bàbá. Ọ̀pọ̀ ló fi ẹrù sílẹ̀ nígbà tí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gáńà nígbà náà, ní kí àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ ní November 1969, ṣùgbọ́n fọ́tò kì í wúwo. Ẹ yí i padà. Òǹtẹ̀ ayàwòrán àti orúkọ ìlú rẹ̀ sábà máa ń wà lẹ́yìn.