Anna Schwartz

Anna Jacobson Schwartz (11 Oṣù Kọkànlá 1915 – 21 Oṣù Kẹfà 2012) jẹ́ onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé àti òpìtàn owó, ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun àti Milton Friedman, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé bíi tirẹ̀, ló jọ kọ A Monetary History of the United States, 1867–1960, ìyẹn ìtàn owó ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1963. Ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó kọ̀wé lórí báńkì àpapọ̀ tàbí lórí ìdẹnukọlẹ̀ ọrọ̀ ajé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1929 má dárúkọ ìwé náà.

Ìlú New York ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tó jáde ní Barnard College, ó sì gba oyè kejì ní Yunifásítì Columbia lẹ́ni ọdún 19. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ ṣèwádìí lé lórí, kì í ṣe Amẹ́ríkà. Ní 1940, òun àti àwọn méjì mìíràn gbé iṣẹ́ kan jáde lórí iye tí wọ́n ń ta ìpín ìdókòwò níbẹ̀ láti 1811 sí 1850. Ìwé tí òun, Arthur Gayer àti W. W. Rostow kọ lórí ọrọ̀ ajé ilẹ̀ náà, láti 1790 sí 1850, jáde ní 1953. Ó ti wọ iṣẹ́ ní National Bureau of Economic Research, àjọ tó ń ṣèwádìí ọrọ̀ ajé, láti 1941, ibẹ̀ ló sì wà títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Arthur Burns, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ló so òun àti Friedman pọ̀ ní 1948. Nígbà náà, kò sí àkójọ kan tó fi iye owó tó wà lóde ní Amẹ́ríkà hàn láìdáwọ́dúró láti ìgbà tí ogun abẹ́lé parí. Ìròyìn àwọn báńkì àti ti ìjọba ni Schwartz ń tú wò, tó ń ṣírò, tó ń fi èyí yẹ ìyẹn wò, títí àkójọ náà fi dúró. Iṣẹ́ tí kì í mú òkìkí wá ni, ṣùgbọ́n òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn náà.

Ohun tí ìwé náà sọ nípa 1929 sí 1933 ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù. Iye owó tó wà lóde fi ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ dín kù láàárín ọdún mẹ́rin yẹn. Bí báńkì kan bá ti forí ṣánpọ́n, ẹ̀rù a ba àwọn tó fowó sí òmíràn, wọ́n a sáré lọ gbówó wọn. Federal Reserve, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, lágbára láti fún àwọn báńkì lówó, ṣùgbọ́n ó káwọ́ gbera. Àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì tilẹ̀ so àìlèpinnu yìí mọ́ ikú Benjamin Strong, olórí ẹ̀ka New York, ní 1928. Ní 1965, wọ́n tẹ orí yìí nìkan jáde gẹ́gẹ́ bí ìwé.

Columbia kò fún Schwartz ní oyè ọ̀mọ̀wé títí di 1964, ọdún kan lẹ́yìn tí ìwé náà jáde. Nígbà tí wọ́n fún Friedman ní ẹ̀bùn Nobel ní 1976, ìtàn owó wà lára ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fún un, àmọ́ wọn kò fún Schwartz ní nǹkan kan. Friedman fúnra rẹ̀ gbà pé Schwartz ló ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n òun Friedman ni wọ́n yìn jù.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ wọn ipa rẹ̀, kíka ìtọ́kasí nìkan kò tó, torí orúkọ Friedman ló ṣáájú lára ìwé. Ó dára kí a wo ohun tí àwọn tó tọ́ka sí i fi ṣe. Nínú àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, Peter Temin ta kò ó ní 1976, ìyẹn àlàyé ìwé náà pé ìdínkù owó ló mú kí ìdẹnukọlẹ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀. Ben Bernanke gbà ní 1983 pé àlàyé náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò tó, ó sì fi ìdíwọ́ tó bá ètò ìyánilówó kún un. Barry Eichengreen fi ẹ̀bi púpọ̀ sí ọrùn ètò tó so owó mọ́ góòlù ní 1992. Ní ti Christina àti David Romer, orúkọ "Friedman àti Schwartz" wà nínú àkọlé iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 1989. Àwọn tó ta kò ó pàápàá, orí àkójọ tí Schwartz ṣe ni wọ́n dúró sí láti jà.

Ní 1981 sí 1982, òun ni olùdarí àgbà ìgbìmọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ lórí góòlù. Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà kò fọwọ́ sí pé kí owó padà sórí góòlù. Ní 1986, ó kọ̀wé láti ya rògbòdìyàn owó gidi, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń sáré gba owó wọn, sọ́tọ̀ sí àdánù lásán tí wọ́n ń pè ní rògbòdìyàn.

Bernanke, tó wà nínú ìgbìmọ̀ alákòóso Federal Reserve nígbà náà, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn méjèèjì ní 2002, níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí àádọ́rùn-ún ọdún Friedman. Ó ní òótọ́ ni pé Federal Reserve ló fa ìdẹnukọlẹ̀ náà, àti pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Àforíjì náà kò pa Schwartz lẹ́nu mọ́. Ní 2008, ó ní ogun àtijọ́ ni Bernanke ń jà: kì í ṣe àìsówó lọ́wọ́ báńkì ni ìṣòro, bí kò ṣe pé ẹnikẹ́ni kò mọ báńkì tí gbèsè rẹ̀ ti ju ohun ìní rẹ̀ lọ. Ní 2009, nígbà tó ti lé ní ẹni 90 ọdún, ó kọ̀wé síta pé kí wọ́n má ṣe tún Bernanke yàn gẹ́gẹ́ bí alága Federal Reserve. Ìwé tí òun, Michael Bordo àti Owen Humpage kọ lórí bí Amẹ́ríkà ṣe ń dá sí ọjà pàṣípààrọ̀ owó jáde ní 2015, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀.