Kí Ni Ìbẹ̀rù Ìpàdánù Ipò Nínú Ọ̀rọ̀ Ìkórìíra Àwọ̀?

Ní ìlú Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Alabama lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọgbà ìgbafẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Oak Park, níbi tí ìjọba ìlú gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sí, tí wọ́n sì kó ẹranko sí fún àwọn ọmọdé láti máa wò. Aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú ló ń san owó orí tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn ọgbà ìlú, ṣùgbọ́n aláwọ̀ funfun nìkan ni òfin gbà láàyè láti gbafẹ́ ní Oak Park. Nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú gbé ìjọba ìlú lọ sílé ẹjọ́ ní òpin ọdún 1958, àwọn aláṣẹ ti gbogbo ọgbà ìgbafẹ́ pa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1959, wọ́n ta àwọn ẹranko, wọ́n sì fi yẹ̀pẹ̀ dí adágún náà. Ọdún 1965 ni wọ́n tó ṣí ọgbà padà, wọn kò sì gbẹ́ adágún náà mọ́. Yorùbá ní kàkà kí eku má jẹ sèsé, á fi ṣe àwàdànù. Eku inú òwe kò tilẹ̀ tíì rí sèsé náà jẹ; àwọn aláwọ̀ funfun Montgomery ti ń jẹ tiwọn bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kí wọ́n tó dà á nù, ọmọ tiwọn náà kò sì rí ibi lúwẹ̀ẹ́ mọ́ nínú ooru.

Ohun tó ń ti ènìyàn dé irú ibẹ̀ yẹn ni àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá ń pè ní ohun tí a lè túmọ̀ sí ìbẹ̀rù ìpàdánù ipò. Ó jẹ́ ìdààmú ọkàn tó máa ń bá àwọn tí ẹgbẹ́ tàbí ìran wọn ti wà lókè fún ìgbà pípẹ́, nígbà tí wọ́n bá rò pé àwọn tó wà nísàlẹ̀ fẹ́ bá wọn dọ́gba. Kò pọn dandan kí ebi máa pa ẹni tí ìbẹ̀rù yìí mú, kò sì pọn dandan kí ẹnikẹ́ni ti gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan nípa èdè wa kí n tó máa lọ: “ẹlẹ́yàmẹ̀yà” tí a sábà ń lò ń ṣe iṣẹ́ méjì, nítorí òun la fi ń pe ọ̀ràn ẹ̀yà sí ẹ̀yà nílé, òun náà la sì fi ń pe ti òyìnbó tó kórìíra aláwọ̀ dúdú. Ìkórìíra àwọ̀ ni màá máa pe ti ìkejì yìí níhìn-ín kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú.

Herbert Blumer, onímọ̀ nípa àwùjọ tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1958 tí àwọn onímọ̀ kò yé tọ́ka sí títí di òní. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wádìí ọ̀ràn yìí nígbà náà ló ń wá orísun ìkórìíra lọ sínú ọkàn ẹnì kọ̀ọ̀kan, bóyá bí wọ́n ṣe tọ́ ọ tàbí irú ìwà tó ní, ṣùgbọ́n Blumer ní kí a wo bí ẹgbẹ́ kan ṣe tò lé ẹgbẹ́ kejì lórí. Ó ní ìmọ̀lára mẹ́rin ló máa ń wà nínú ẹgbẹ́ tó wà lókè: pé àwa sàn jù wọ́n lọ, pé ẹ̀dá wọn yàtọ̀ sí tiwa, pé àwọn ohun kan wà tó jẹ́ ẹ̀tọ́ tiwa nìkan, ìbáà jẹ́ ilẹ̀, iṣẹ́ tàbí ipò òṣèlú, àti ìfura pé àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń wá ọ̀nà láti gba àwọn nǹkan wọ̀nyí. Lójú tèmi, ìkẹrin yìí ni èékánná tó ń fa ẹ̀jẹ̀. Bí kò bá sí i, mẹ́ta ìṣáájú lè sùn sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ọ̀gá àti ìránṣẹ́ yóò jọ máa ṣeré, tí ọ̀gá yóò sì máa yin ìránṣẹ́ pé ọmọ dáadáa ni, ó mọ àyè ara rẹ̀. Ọjọ́ tí ìránṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpìlẹ̀ ilé tirẹ̀ lélẹ̀ ni ohùn yóò yí padà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Memphis, ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Àwọn aláwọ̀ dúdú kan dáwó jọ, wọ́n ṣí ilé ìtajà oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní People's Grocery, ní àdúgbò tó jẹ́ pé aláwọ̀ funfun kan ṣoṣo ló ti ń tajà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Thomas Moss tó jẹ́ òléwájú wọn ń pín lẹ́tà fún ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba, ó sì ń bójú tó ìtajà náà nígbà tó bá ráyè. Ilé ìtajà wọn ń rí oníbàárà, ọkàn ẹni tó ti ń dá tajà kò sì balẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1892, ìjà àwọn ọmọdé tó ń fi gíláàsì róbótó ṣeré lórí ilẹ̀ di ìjà àwọn àgbà, ó di ọ̀rọ̀ ìbọn, wọ́n sì ti Moss àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Calvin McDowell àti Will Stewart, mọ́lé. Àwọn jàǹdùkú aláwọ̀ funfun já wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n lóru, wọ́n kó àwọn mẹ́ta náà jáde, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n. Ida B. Wells, akọ̀ròyìn tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìdílé Moss, kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé títí di ọjọ́ yẹn òun pẹ̀lú ti gba ohun tí àwọn aláwọ̀ funfun máa ń sọ gbọ́, pé nítorí ìfipábánilòpọ̀ ni wọ́n ṣe ń pa àwọn aláwọ̀ dúdú láìdá wọn lẹ́jọ́. Moss kò fọwọ́ kan obìnrin ẹnikẹ́ni. Ọjà ló tà tí ọjà sì tà.

Ìbéèrè tí ènìyàn lè bi ni pé kí ló kan tálákà aláwọ̀ funfun tí kò ní ilé ìtajà kankan nínú gbogbo èyí. W. E. B. Du Bois, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, dáhùn rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1935. Ó ní owó tí àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun ní gúúsù Amẹ́ríkà ń gbà kéré, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba ọ̀yà mìíràn tí kì í ṣe owó, ìyẹn ọ̀yà ti inú ọkàn àti ti ojú àwùjọ. Àwọn èèyàn ń bu ọlá fún wọn nítorí àwọ̀ wọn, wọ́n ń wọ ọgbà ìgbafẹ́, inú wọn ni wọ́n ti ń yan ọlọ́pàá, ilé ẹ̀kọ́ tó dára jù sì ni ti ọmọ wọn. Ẹni tí àpò rẹ̀ gbẹ, tó sì jẹ́ pé ọlá yìí nìkan ló kù sí i lọ́wọ́, yóò jà fún un ju olówó lọ, nítorí pé bó bá bọ́, kò sí òmíràn.

Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà ń rí èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì kan tí mo mọ̀ bá àwọn kan ṣiṣẹ́ pọ̀ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n jọ ń mu tíì, wọ́n jọ ń ṣe àwàdà, kò sì sí ẹni tó sọ pé gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣòroó gbọ́. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi í ṣe ọ̀gá ẹ̀ka wọn ni ẹnì kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ní kó tún ohun tó sọ sọ, tí ẹlòmíràn sì ń béèrè ibi tó ti gba ìwé ẹ̀rí. N kò sọ pé gbogbo ẹni tó bá ta ko ọ̀gá tuntun ló kórìíra àwọ̀. Àárín òyìnbó sí òyìnbó náà ni ìlara wà. Ṣùgbọ́n etí tó gbọ́ ọ fún ọdún mẹ́fà kò lè déédéé di.

Bí ẹni tó ń bẹ̀rù ṣe ń ṣírò ayé dà bí ọpọ́n ayò. Ọmọ ayò jẹ́ 48, kò sí ibi tí ìkọkàndínláàádọ́ta yóò ti wá, nítorí náà ohun tí alátakò mi bá jẹ, èmi ni mo pàdánù rẹ̀. Michael Norton àti Samuel Sommers gbé ìwádìí kan jáde ní 2011, nínú èyí tí wọ́n ní kí aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú fi máàkì, láti 1 dé 10, díwọ̀n ìyà tí ìran kọ̀ọ̀kan jẹ nítorí àwọ̀ láti àwọn ọdún 1950 wá. Àwọn méjèèjì gbà pé ti aláwọ̀ dúdú ń dín kù. Ṣùgbọ́n nínú máàkì àwọn aláwọ̀ funfun, bí ti aláwọ̀ dúdú ṣe ń dín kù ni ti aláwọ̀ funfun ń pọ̀ sí i, títí ó fi ga ju ti aláwọ̀ dúdú lọ. Wọ́n ti fi ayò ka ohun tí kì í ṣe ayò: ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ tuntun wọ̀ lè fẹ̀ sí i, ọjà tí òǹtajà tuntun dé lè gbòòrò.

Àwọn onímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lórí bí ìbẹ̀rù yìí ṣe lágbára tó. Ní 2018, Diana Mutz kọ ọ́ pé ó ṣàlàyé ìbò tí Donald Trump rí gbà ní 2016 ju àìríṣẹ́ àti àìrówó lọ. Stephen Morgan tún ìṣirò kan náà ṣe, ó sì ní kò rọrùn láti ya ìbẹ̀rù ipò sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ owó bẹ́ẹ̀. Bákan náà, ìbẹ̀rù kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ òwò ẹrú, èrè ni.

Àyẹ̀wò tó gbé ọ̀rọ̀ náà síta jù lójú mi ni ti Maureen Craig àti Jennifer Richeson ní 2014. Àjọ ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti ṣírò ní 2008 pé ní nǹkan bí 2042, àwọn aláwọ̀ funfun tí kì í ṣe ìran Sípáníìṣì kò ní tó ìdajì àwọn ará ìlú mọ́. Nígbà tí àwọn méjì yìí fún àwọn aláwọ̀ funfun kan ní ìròyìn nípa irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ láti kà, èrò òṣèlú wọn túbọ̀ fì sí ti àwọn tí kò fẹ́ àyípadà, títí kan lórí ọ̀ràn tí kò kan àwọ̀ tààrà. Wọ́n wá fi gbólóhùn kan kún un fún àwọn mìíràn, pé bí iye ènìyàn tilẹ̀ yí padà, ipò tí ìran kọ̀ọ̀kan wà láwùjọ yóò wà bó ṣe wà. Fífì tí èrò wọn fì bẹ́ẹ̀ sì pòórá. Iye ènìyàn inú ìròyìn méjèèjì kò yàtọ̀. Ìlérí pé ẹni iwájú yóò ṣì wà níwájú ló fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀, ìlérí náà gan-an sì ni ẹni tó wà lẹ́yìn kò lè fọwọ́ sí.