Tẹ́tẹ́ àjọdá ni ẹ jẹ́ ká máa pe pari-mutuel

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ "parí-mútúẹ̀lì" káàkiri fún pari-mutuel, ìyẹn tẹ́tẹ́ ẹṣin tí wọ́n ń kó owó gbogbo àwọn tó ta á pọ̀, táwọn tó jẹ á wá pín in, ó ti sú mi. Ẹni tó bá kà á á rò pé nǹkan kan ti parí, bẹ́ẹ̀ eré ẹṣin ò tíì bẹ̀rẹ̀. "Tẹ́tẹ́ ìbáraẹni" táwọn kan gbé jáde tún burú jù ú lọ, ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu? Àwọn tó ní ká ṣáà máa pè é ní tẹ́tẹ́ ẹṣin ńkọ́, ṣé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀kì, ẹni tó ń fi owó tara ẹ̀ bá èèyàn ta tẹ́tẹ́, kì í ṣe tẹ́tẹ́ ẹṣin ni? Tẹ́tẹ́ àjọdá ni mo pè é, mi ò sì ní yí i padà, torí owó tí gbogbo èèyàn jọ dá ni wọ́n ń pín, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí ò mọ dáwó. Ẹnì kan ní èèyàn á rò pé àjọ tí alájọ ń gbà ni. Rárá o, alájọ á dá owó ẹ padà fún ẹ, ti ibí yìí lè lọ pátápátá.

Ẹ wò ó báyìí: àwọn ọmọdé da ẹ̀pà sínú igbá kan, kálukú mú ẹṣin tiẹ̀. Onígbá, ìyẹn onípápá eré ẹṣin, á kọ́kọ́ bu tiẹ̀, àwọn tí ẹṣin wọn ṣe kìíní á wá pín ìyókù, tí wọ́n bá pọ̀, ẹ̀pà díẹ̀ díẹ̀ ló máa kàn wọ́n, tó bá ṣe ọmọ kan péré, òun nìkan ló ni ín. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọ́ọ̀dì, iye tí ẹṣin kan máa san tó bá borí, máa yí padà títí géètì táwọn ẹṣin ti ń sáré jáde fi máa ṣí, àti pé onípápá ò bá ẹnikẹ́ni ta tẹ́tẹ́, ẹṣin yòówù kó wọlé, ìpín tiẹ̀ pé.

Joseph Oller ló gbé tẹ́tẹ́ yìí kalẹ̀ ní Paris ní bíi 1867, Meriwether Lewis Clark tó dá pápá Churchill Downs sílẹ̀ ní Louisville, Kentucky, ló wá kó ẹ̀rọ rẹ̀ wá síbẹ̀, àmọ́ àwọn bọ́ọ̀kì bá a jà títí wọ́n fi pa á tì. (Kentucky Derby àkọ́kọ́, eré ẹṣin ńlá tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lọ́dọọdún, 1875, Oliver Lewis tó jẹ́ èèyàn dúdú ló gun Aristides tó borí, èèyàn dúdú 13 ló sì wà nínú àwọn 15 tó gun ẹṣin lọ́jọ́ náà, mo ní láti sọ ọ́ torí wọn kì í sọ ọ́ tó.) Nígbà tó di 1908, ìjọba ìlú yarí pé àwọn ò fẹ́ bọ́ọ̀kì mọ́, Derby sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Matt Winn, ọ̀gá ní Churchill Downs, bá rí i pé òfin ò ka tẹ́tẹ́ àjọdá léèwọ̀, ló bá wá àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn jáde, wọ́n sì fi ṣe Derby ọdún yẹn.

Ní Derby 1913, Roscoe Goose, ọmọ Kentucky gan-an, gun ẹṣin Donerail tí èèyàn díẹ̀ gbówó lé, ó sì gbà á. Tíkẹ́ẹ̀tì dọ́là 2 mú dọ́là 184.90 wálé, kò sì tíì sí ẹṣin tó san jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ipò kìíní ní Kentucky Derby. Owó yẹn ò ti àpò Churchill Downs jáde, owó àwọn tó gbé tiwọn lé ẹṣin Ten Point àtàwọn yòókù ni.