Kí ló dé tí Linux fi ń gan nígbà tí a bá ní kí ftrace tọpa àwọn function rẹ̀?

Ìbéèrè: Mo kọ «function» sínú current_tracer, fáìlì tí a fi ń yan irú ìtọpa, mo tẹ Enter, ni ẹ̀rọ bá gan. Kíbọọ̀dù ò dáhùn mọ́, kò sì sí nǹkan kan nínú log. Ṣé kì í ṣe wíwò lásán ni tracing ni?

Wíwò lásán kọ́. Ftrace, irinṣẹ́ ìtọpa tó wà nínú kernel (ọkàn Linux), tí Steven Rostedt kọ, tó sì wọ Linux 2.6.27 lọ́dún 2008, kì í dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó máa wo kernel. Ó ń tún kóòdù kernel fúnra rẹ̀ kọ ni. Nígbà tí gcc, ìyẹn compiler, bá ń ṣe kernel, ó máa ń fi ìpè kékeré kan sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ function, ìyẹn àwọn ẹyọ kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan pàtó. Lórí x86-64, báìtì 5 ni ìpè náà. Kí iṣẹ́ má baà falẹ̀, wọ́n á sọ ìpè yìí di nop, ìyẹn àṣẹ tí kò ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ tí ẹ bá tan tracing ni ftrace yóò padà lọ sọ nop wọ̀nyẹn di ìpè, nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún function, níbi tí kernel ti ń sáré lórí wọn lọ́wọ́.

Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Nígbà tí wọ́n ń ṣètò 2.6.27 yẹn gan-an, káàdì nẹ́tíwọọ̀kì Intel tó ń lo dráífà e1000e bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń dán an wò: ohun tó wà nínú NVRAM wọn, ibi ìrántí tí kì í parẹ́ bí iná bá lọ, ti dàrú. Dráífà náà ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Ftrace ni. Ó ń kọ nǹkan sí àdírẹ́sì kóòdù module kan (apá tí a lè fi kún kernel) tí kernel ti tú sílẹ̀ fún ẹlòmíì, káàdì sì ti gba àdírẹ́sì ọ̀hún. Nígbà tí 2.6.27.1 jáde, ńṣe ni wọ́n kúkú pa ẹ̀yà ftrace yẹn ná.

Ìbéèrè: Tèmi ò ba káàdì jẹ́, ó kàn gan ni.

Ó ṣeé ṣe kí ftrace máa tọpa ara rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ọlọ́dẹ kan tí wọ́n ní kó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá gbẹ́sẹ̀ nínú ọgbà, tí wọn ò sì yọ òun náà sílẹ̀. Kó tó mú bírò, yóò gbẹ́sẹ̀. Bó ṣe gbẹ́sẹ̀, ó ní láti kọ orúkọ ara rẹ̀. Kó tó kọ ọ́, àfi kó lọ mú bírò. Bí function tí ftrace ń lò láti fi ṣàkọsílẹ̀ bá wà lára àwọn tó ń tọpa, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò máa pe ara rẹ̀ títí stack, ibi tí kernel ń to àwọn ìpè tí kò tíì parí sí, yóò fi kún. Lórí x86, ìyẹn lè di triple fault, àṣìṣe tí processor kò lè bọ́ nínú rẹ̀, kí ẹ̀rọ tún ara rẹ̀ tàn láìsọ ọ̀rọ̀ kan.

Ìdí nìyí tí àwọn function kan fi ní àmì notrace nínú kóòdù. Ftrace tún ní ààbò tó ń mọ̀ bó bá ti padà wọ inú ara rẹ̀. Àmọ́ ààbò yẹn gan-an nílò kí processor wà létòlétò, kò sì rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo: bí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí láti ojú oorun suspend, àwọn register (ibi kékeré inú processor) tó ń tọ́ka sí ìsọfúnni CPU kọ̀ọ̀kan lè má tíì bọ́ sípò.

Ohun kejì tó lè fà á kò burú tó bẹ́ẹ̀, òun ló sì ń tan èèyàn jẹ jù. Àtiwọlé àtijáde function ni function_graph, irú ìtọpa mìíràn, ń kọ sílẹ̀. Bí lockdep, ohun tó ń yẹ bí kernel ṣe ń lo lock wò, bá tún wà nínú kernel yín, tí ẹ sì wà lórí ẹ̀rọ aláfarawé tí kò lágbára, iṣẹ́ interrupt aago kan (ìpè tí aago fi ń dá processor dúró) lè má tíì parí tí èkejì fi dé. Bí HZ, iye ìgbà tí aago ń pè ní sẹ́kọ́ńdù kan, bá jẹ́ 1000, mílísẹ́kọ́ńdù 1 péré ló wà láàárín wọn. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Ẹ̀rọ kàn ń ṣiṣẹ́ aago títí ni, kò ráyè tiyín.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́?

Ẹ so serial console mọ́ ọn, ìyẹn ìlà tí kernel ń gbà fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ mìíràn. Bí «soft lockup», ìkìlọ̀ pé CPU kan ti há, bá yọ lẹ́yìn nǹkan bí 20 sẹ́kọ́ńdù, ó ṣì ń mí. Bó bá tan ara rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀, ẹ fura sí ti ọlọ́dẹ.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa rí function tó ń dá a sílẹ̀ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún?

Ẹ pín wọn sí méjì. Iṣẹ́ tí scripts/tracing/ftrace-bisect.sh tó wà nínú kóòdù kernel ń ṣe nìyẹn. Inú QEMU, ẹ̀rọ aláfarawé, ni kí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe lórí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń jẹun.

```
cd /sys/kernel/tracing
cat available_filter_functions > ~/full-file
ftrace-bisect.sh ~/full-file ~/test-file ~/non-test-file
sync
cat ~/test-file > set_ftrace_filter
echo function > current_tracer
```

Bó bá gan, ẹ tan án padà, kí ẹ sọ test-file di full-file tuntun. Bí kò bá gan, ẹ kọ nop sínú current_tracer, kí non-test-file di full-file. Ẹ tún un pín. Bí function bá jẹ́ 40,000, ìpín 16 ti tó láti ku ẹyọ kan. Ẹ má gbàgbé sync, torí bí ẹ̀rọ bá kú kí fáìlì tó dórí dísìkì, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Lórí kernel àtijọ́, ìlà tó ń kọ sínú set_ftrace_filter lè gba ìṣẹ́jú púpọ̀. Ẹ má rò pé ó ti gan.

Bí ìdajì méjèèjì bá wá lọ láìséwu, tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá pé nìkan ló ń gan, ẹ yéé wá ẹyọ kan. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti aago, ìyẹn pé ẹrù ló pọ̀ jù.

Ìbéèrè: Mo ti rí i. Kí ni kí n ṣe?

Fún òní, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú set_ftrace_notrace. Láti yanjú ẹ̀ pátápátá, notrace ni yóò wọ inú kóòdù, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ ìdí tí function náà kò fi gba ìtọpa, torí ẹni tó ń tọ́jú apá kernel yẹn máa bi yín. Bó bá jẹ́ callback (function tí ftrace yóò máa pè) tí ẹ̀yin fúnra yín kọ ló ń pe ara rẹ̀, ftrace_test_recursion_trylock ni kí ẹ fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kernel tí wọ́n ṣe pẹ̀lú CONFIG_FTRACE_RECORD_RECURSION yóò sì to orúkọ àwọn tó jẹ̀bi sínú recursed_functions, bí ẹ̀rọ bá ṣì wà láàyè tí ẹ lè kà á.