Bí iṣẹ́ onímọ̀ jẹjẹrẹ ṣe ń di òǹkà, àti ohun tí òǹkà náà kò ká

Bí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá ń wá ìgbéga tàbí owó ìwádìí, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ wò ni iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn ti tọ́ka sí iṣẹ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lọ́nà Àlàbátà ní Abẹ́òkúta, tó fẹ́ fi ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀, kò ní pẹ́ bá òǹkà yìí pàdé. Ó yẹ kó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀, kó sì mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ṣùgbọ́n orí ẹran ara èèyàn ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní wọ́n yọ kókó ọyàn fún obìnrin kan ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta. Ẹran tí wọ́n gé gbọ́dọ̀ wọ inú formalin, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, láàárín wákàtí kan. Àkókò tó máa lò níbẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí wákàtí 6, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 72 lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rì í sínú ìda, wọ́n á rẹ́ ẹ sí pẹlẹbẹ tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, wọ́n á kùn ún, wọ́n á wá fi máíkírósíkóòpù wá ibi tí estrogen, họ́móònù obìnrin, máa ń so mọ́ lára sẹ́ẹ̀lì; ibẹ̀ ni àmì tí wọ́n ń wá. Bí ẹran náà bá pẹ́ lórí tábìlì, bóyá formalin ló tán, bóyá ẹni tó máa gbé e ni kò tètè dé, àmì yẹn lè ṣá. Èsì á ní kò sí, bẹ́ẹ̀ ó wà. Obìnrin náà lè pàdánù oògùn bíi tamoxifen tó yẹ kó lò, ẹni tó ń ṣèwádìí á sì kọ ohun tí kì í ṣòótọ́ sílẹ̀ láìmọ̀. Ìwádìí ti fi hàn pé jẹjẹrẹ ọyàn tí kò ní àmì yìí pọ̀ láàárín obìnrin adúláwọ̀ ju láàárín obìnrin aláwọ̀ funfun lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade, tó gboyè ìṣègùn ní Ìbàdàn kó tó lọ sí Chicago, wà lára àwọn tó ti ṣiṣẹ́ gan-an lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹran ní Abẹ́òkúta kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré rárá.

Kí wọ́n tó lè lo irú ẹran bẹ́ẹ̀ fún ìwádìí, aláìsàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn tí wọ́n ń lò fún ìwádìí náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Nígbà tí àpilẹ̀kọ nípa ìwádìí náà bá dé ọ̀dọ̀ olóòtú jọ́nà, ìyẹn ìwé tó ń gbé iṣẹ́ ìwádìí jáde, yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn ojúgbà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn kì í sábà gbowó, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Jọ́nà tí gbogbo ayé lè kà lọ́fẹ̀ẹ́ sábà máa ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́, owó náà sì lè ju ẹgbẹ̀rún dọ́là lọ. Ẹni tó ń gba owó oṣù ní náírà mọ bí ìyẹn ṣe wúwo tó.

Lẹ́yìn tó bá jáde ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Ní 2005, onímọ̀ físíìsì kan, Jorge Hirsch, dá h-index sílẹ̀: òǹkà tó tóbi jù tó fi jẹ́ pé iye àpilẹ̀kọ ẹni náà tó bá a mu ni wọ́n ti tọ́ka sí ní iye ìgbà yẹn, ó kéré tán. Ká ní ẹnì kan ní àpilẹ̀kọ mẹ́fà, tí wọ́n ti tọ́ka sí ní ìgbà 40, 18, 9, 5, 3 àti 0. Mẹ́rin nínú wọn ló ní ìtọ́kasí mẹ́rin ó kéré tán, ṣùgbọ́n kò sí márùn-ún tó ní márùn-ún. H-index rẹ̀ jẹ́ 4. Ogójì ìtọ́kasí àkọ́kọ́ yẹn ìbá di ẹgbẹ̀rún, 4 ni yóò ṣì jẹ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà láàárín àádọ́ta òǹkọ̀wé gba èrè kan náà pẹ̀lú ẹni tó dá ṣe é. Impact factor, ìyẹn ìpíndọ́gba iye ìgbà tí wọ́n ń tọ́ka sí àwọn àpilẹ̀kọ inú jọ́nà kan, jẹ́ ti jọ́nà ní tirẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo tó wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ àwọn ìgbìmọ̀ ìgbéga ṣì ń lò ó bẹ́ẹ̀, kò sì dáa.

Ipa tó ń dé ara èèyàn ń gba ọ̀nà mìíràn, ó sì ń pẹ́. Ní àwọn ọdún 1970, Harald zur Hausen, ọmọ Jámánì, ń sọ pé fáírọ́ọ̀sì HPV ló ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ. Ọ̀pọ̀ ojúgbà rẹ̀ kò gbà. Ní 1983, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ rí HPV 16, ní 1984 wọ́n rí HPV 18. Àwọn méjèèjì ló wà nídìí nǹkan bí 70 nínú 100 irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀. Ó pín ohun tó rí fún àwọn onímọ̀ yòókù láti lò. Abẹ́rẹ́ àjẹsára jáde ní 2006, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2008, ó sì kú ní oṣù Karùn-ún 2023. Oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í gún abẹ́rẹ́ náà fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ìpínlẹ̀ Ògùn sì wà nínú ìpele àkọ́kọ́.

Láti mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ náà dín àrùn yìí kù ní Abẹ́òkúta, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣàkọsílẹ̀ gbogbo ẹni tí wọ́n bá jẹjẹrẹ lára rẹ̀ níbẹ̀, ọdọọdún, fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà rí ìtọ́kasí púpọ̀. Bí ìgbìmọ̀ ìgbéga bá gbé h-index ẹni tó ṣe é lé tábìlì, kí wọ́n gbé àkọsílẹ̀ náà fúnra rẹ̀ tì í, kí wọ́n sì kà á.