Taitáníọ́mù díọ́ksáìdì inú ìpara oòrùn àti ìpalára DNA

Taitáníọ́mù díọ́ksáìdì ni ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń pò mọ́ ìpara oòrùn kí ìtànṣán ultraviolet má baà wọ ara. Òun náà ló ń fún ọ̀dà funfun ní àwọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ti fọwọ́ ra ògiri tí oòrùn ti pa fún ọdún pípẹ́, tí ìyẹ̀fun bí ẹfun sì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ti fojú ara rẹ̀ rí ohun tí ìmọ́lẹ̀ lè mú kí èérún ìyẹ̀fun yìí ṣe sí ohun tó yí i ká.

Bí ìtànṣán ultraviolet bá ba èérún náà, ẹlẹ́ktrọ́nù kan á fò kúrò ní àyè rẹ̀, ihò á sì ṣẹ́kù síbẹ̀. Ẹlẹ́ktrọ́nù yẹn á lọ bá ọ́síjìn. Ihò náà á já ẹlẹ́ktrọ́nù mìíràn gbà lára omi. Báyìí ni ràdíkà háídrọ́síìlì, èròjà tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ nítorí pé ẹlẹ́ktrọ́nù rẹ̀ kò pé, ṣe ń jáde. Kì í pẹ́ láyé rárá, àmọ́ ohun tó bá kọ́kọ́ pàdé ló ń kọlù. Bó bá jẹ́ DNA, okùn tó ń gbé àbùdá nínú sẹ́ẹ̀lì, ni, ó lè já okùn náà, tàbí kó sọ guanine, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà DNA, di 8-oxoguanine, èyí tó lè mú kí sẹ́ẹ̀lì ṣe àdàkọ òdì.

Ní ọdún 1997, àwọn olùwádìí kan, tí àwọn ará Yunifásítì Oxford wà lára wọn, yọ èérún yìí jáde látinú ìpara oòrùn, wọ́n sì tan ìmọ́lẹ̀ sí i pẹ̀lú DNA. Okùn DNA já. Wọ́n tún rí ìpalára nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí wọ́n ń tọ́ ní yàrá ìwádìí. Nígbà tí wọ́n fi mannitol, tó ń pa ràdíkà, sí i, ìpalára náà rọlẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo èérún ló burú bákan náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní anatase máa ń ṣe ìpalára ju rutile lọ, ìyẹn ọ̀nà méjì tí àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ sábà máa ń gbà tò. Ní Ọsirélíà, ìwádìí kan tó jáde ní 2008 ṣàlàyé bí ọ̀dà orí páànù ṣe ṣá níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ tó fi ìpara oòrùn para fi ọwọ́ àti ìka kàn: ìpara tó ní anatase lè mú kí ọ̀dà náà bàjẹ́ ní ìlọ́po 100. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe ìpara fi ń fi silica tàbí alumina bo èérún wọn.

Ṣùgbọ́n awọ ara kì í ṣe àwo yàrá ìwádìí. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú ló wà ní ìpele òkè pátápátá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ti rí i pé èérún náà ń dúró sí. Ultraviolet fúnra rẹ̀ ń ba DNA jẹ́ tààrà, ó ń so thymine méjì, ẹ̀yà DNA mìíràn, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pọ̀. Fún àfín, tí melanin, èròjà tó ń fún awọ ní àwọ̀ dúdú, kò tó lára rẹ̀, ewu yìí tóbi gan-an, àṣìṣe ńlá ni yóò sì jẹ́ bó bá da ìpara rẹ̀ nù nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú àwo.

Ẹ̀dọ̀fóró ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Àjọ IARC, tó ń ṣèwádìí nípa jẹjẹrẹ kárí ayé, ka ìyẹ̀fun náà sí ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ bí ènìyàn bá fà á símú. Ìṣọ̀kan Yúróòpù fàyè gba á nínú ìpara títí dé ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, àmọ́ wọn kò gba èérún nano rẹ̀, ìyẹn èyí tó kéré jọjọ, láàyè nínú èyí tí wọ́n ń fín, tí olùlò lè fà símú.